Wárápá Bá Mi Wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì, Wàláà Bá Mi Dúró

Márùn-ún nínú méje. Iye tí mo rántí nìyẹn ní Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn ìrun alásárì, nígbà tí mo jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìwó, tí wàláà bàbá mi, pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ni ní kéwú, wà lórí itan mi, tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Mo ti kọ ìlà méje sí i láti inú ẹ̀kọ́ ìdàgbàsókè ọmọdé, ẹ̀kọ́ tí mo ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá mi ní kí n fọ̀ ọ́ dànù. Mo fọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n tún un kọ láìwo ìwé. Márùn-ún ló wá. Odindi oṣù mẹ́rin ni mo ti lò lórí ojú ìwé kan náà, tí n kì í rántí ju ìlà méjì lọ. Mi ò dúró kí wàláà gbẹ tán kí n tó tún bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ bí orí ṣe ń di nǹkan mú ti wọ̀ mí lára, mi ò sì lè fi í sílẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé wárápá lẹ ní, tàbí pé ọmọ yín ló ní in, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí fún. Módínátù lorúkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Màá kàn ṣàdédé gbọ́ òórùn epo tó ń jóná, níbi tí ẹnì kankan ò ti dáná. Màá bi màmá mi pé kí ló ń jó, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn òórùn náà, ìṣẹ́jú kan tàbí méjì á sọnù lọ́wọ́ mi. Ife á bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò ní mọ ìgbà tó bọ́. Olùkọ́ á pe orúkọ mi, màá la ojú sílẹ̀ bí ère, wọ́n á ní mò ń fojú di àwọn. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi pè é ní àìfọkànsí. Bí ọmọ yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má nà án. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Èyí tó gbé mi ṣánlẹ̀, ẹ̀bá kànga àgbàlá wa ló ti ṣẹlẹ̀. Mo rántí pé mo fa korobá kejì. Ohun tí mo tún rí ni àjà yàrá màmá mi. Ahọ́n mi wú, eyín mi kan ti sán, gìgísẹ̀ òsì mi sì ń ta mí bí ẹni tẹ iná. Iná náà ni lóòótọ́. Aládùúgbò wa kan ló sọ pé bí wọ́n ṣe ń jí ẹni tó bá ṣubú báyẹn nìyẹn, ló bá gbé ẹyín iná wá láti ìdí àdògán. Ẹlòmíràn ló ti ṣíbí bọ̀ mí lẹ́nu, òun ló sán mi léyín. Àwọn yòókù dúró lókèèrè, wọ́n ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan itọ́ ẹnu mi. Àpá ẹsẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ó tóbi tó ìdérí ìgò. Iná ò jí mi o. Ara mi ló jí fúnra rẹ̀ nígbà tí àsìkò rẹ̀ tó. Iná kàn fi ọgbẹ́ kún un ni.

Lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń gbé ní Kúta dé. Màmá Kúta ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìgò àgbo kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti fi àpò bébà di ẹnu rẹ̀. Ìtọ̀ màlúù ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ewé tábà àti àlùbọ́sà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù,” màmá mi ní.

“Ọsibítù!” Màmá Kúta pàtẹ́wọ́. “Àbí o ò mọ̀ pé ẹni tí irú èyí bá ń gbé, tí wọ́n bá fi gún un lábẹ́rẹ́, ó tán nìyẹn? Àgbo yìí ni mo fi wo Lámídì sàn.”

“Lámídì ti kú, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Àgbo mi kọ́ ló pa á. Ọ̀kadà ló gbá a.”

Ààfáà ni bàbá mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú. Wọ́n mú wàláà tiwọn, wọ́n fi tàdáà, yíǹkì kéwú, kọ àyọkà Kùránì sí i títí gbogbo ojú rẹ̀ fi dúdú, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ sínú àwo, wọ́n gbé e fún mi. Hàntú là ń pè é nílé wa. Mo mu ún. Mo mu àgbo Màmá Kúta náà, nítorí pé ta ni màá sọ fún pé mi ò mu? Àgbo yẹn gbé mi sùn fún wákàtí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Màmá mi ló ka wákàtí náà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ tí èémí mi ń fà bíi ti ẹni tó fẹ́ rì sómi, wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n pe kẹ̀kẹ́, a dé ibùdókọ̀, ó di Òṣogbo.

Wọ́n dá mi dúró fún ọjọ́ méjì kí àgbo náà tó kúrò lára mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní ká padà wá rí dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ. Lọ́jọ́ yẹn, aago méje ku ogún ìṣẹ́jú la dé ọsibítù ńlá náà, síbẹ̀ nọ́ńbà mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n fún wa. Àwọn kan ti sùn sórí bẹ́ǹṣì láti àná. Obìnrin kan wà níwájú wa pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, bí nọ́ńbà bá ti sún ní ọ̀kan ló máa ń sọ pé, “Ó kù díẹ̀, ọkọ mi,” a ò sì mọ̀ bóyá ọmọ ló ń bá sọ̀rọ̀ tàbí ara rẹ̀. Aago méjì ọ̀sán kọjá kó tó kàn wá. Wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ mi lórí, mo kà wọ́n, mọ́kànlélógún ni. Màmá mi ta ẹ̀rọ ìránṣọ wọn nítorí àyẹ̀wò náà, wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí títí mo fi rí i pé àyè rẹ̀ ti ṣófo.

Dókítà ní wárápá ni. Ó ní kì í ràn, ó ní kì í ṣe èpè, àti pé oògùn lè dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n bá ń lò ó láìfò. Nọ́ọ̀sì tó kó oògùn fún wa ló wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀.

“Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti gbé ẹ?”

“Mi ò mọ̀, mà.”

“Aago mélòó ló sábà máa ń jẹ́? Wákàtí mélòó lo sùn lálẹ́ tó ṣáájú?”

“Mi ò mọ̀, mà.”

“Ìwọ tó o lara ò mọ̀. Ta ló máa wá bá ẹ mọ̀ ọ́n?”

Lọ́nà tí à ń padà bọ̀ sí Ìwó ni mo ra ìwé ajákọ kan. Mo fa ìlà sí i, ó di òpó márùn-ún: ọjọ́, aago, wákàtí oorun, oògùn, ohun tí mò ń ṣe kó tó dé. Bí ẹ ò bá mú nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú ìwé yìí. Owó rẹ̀ ò tó ti búrẹ́dì.

Ó dín díẹ̀ lọ́dún kan lẹ́yìn náà ni mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù ìwọlé, wọ́n béèrè pé ǹjẹ́ mo ní àìlera kan tó yẹ kí ilé-ìwé mọ̀ sí. Màmá mi ní, “Wọ́n á lé ẹ.” Bàbá mi ní, “Àṣírí ara ẹni là ń bò.” Mo kọ “Rárá.” Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti kọ ọ́. Ọdún méjì ló gbà mí.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ẹni tó bá sùn nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀lẹ la kà á sí. À ń jẹ obì, à ń mu kọfí, a ó kàwé mọ́jú. Ní ọdún kìíní mi, oṣù aáwẹ̀ bọ́ sínú ìdánwò. Dókítà ti sọ fún mi pé oògùn kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Mo pinnu láti máa lo ti àárọ̀ nígbà sààrì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá kàwé títí, tí mo wá sùn fẹ́ẹ́rẹ́, sààrì á ti kọjá kí n tó jí. Ní ọjọ́ mẹ́rin báyìí, mo kó ti àárọ̀ pọ̀ mọ́ ti ìṣínu, mo gbé méjèèjì mì lẹ́ẹ̀kan. Èrò mi ni pé bí méjì bá ṣáà ti wọnú, ó pé. Mi ò béèrè lọ́wọ́ dókítà. Bàbá mi tiẹ̀ pè mí lórí fóònù, wọ́n yìn mí pé àìsàn ò dí aáwẹ̀ mi lọ́wọ́.

Ìdánwò ìdàgbàsókè ọmọdé bọ́ sí ọjọ́ kẹrin náà. Mo ti dáhùn ìbéèrè kan, mo wà lórí èkejì. Òórùn epo dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu Kọ́lá ni mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ kíláàsì wa ni Kọ́lá, ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló fi ń dáhùn ìdánwò ní kọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn náà. Ó ní bí mo ṣe ṣubú, gbogbo gbọ̀ngàn tú ká, títí kan ẹni tó ń ṣọ́ wa.

“Àwọn tó ń ríran ló sá,” ó sọ fún mi. “Èmi ò rí nǹkan tí wọ́n ń sá fún. Mo bá lọ síbi tí ariwo ti ń wá.”

Ilé-ìwé àwọn afọ́jú tó ti kàwé tẹ́lẹ̀, ẹnì kan wà níbẹ̀ tí wárápá máa ń gbé, nítorí náà ó mọ ohun tó yẹ. Ó fi àpò rẹ̀ tì mí lórí. Nígbà tí gbígbọ̀n náà rọlẹ̀, ó yí mi fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí itọ́ lè ráyè jáde. Kò ti nǹkan kan bọ̀ mí lẹ́nu, kò dì mí mọ́lẹ̀. Ó tẹ aago rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀: ìṣẹ́jú méjì àti àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ nǹkan márùn-ún tí Kọ́lá ṣe yìí. Bó bá ti ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ gbé ẹni náà lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ti ya àwo mi sọ́tọ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Olùkọ́ kan sọ fún mi lójú gbogbo kíláàsì pé, “Lọ wo ara ẹ sàn ná. Ta ló fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣubú?” Òkò ọ̀rọ̀ yẹn bà mí ju ilẹ̀ gbọ̀ngàn lọ. Nítorí pé mi ò parí ìdánwò, wọ́n kọ ọ́ pé mo fìdí rẹmi.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, mo tún ẹ̀kọ́ náà ṣe. Oògùn mi ti pọ̀ sí i, ó sì ń mú orí mi wúwo láàárọ̀. Mo ra bírò aláwọ̀ mẹ́rin, mo fa ìlà sábẹ́ ohun gbogbo. Mo ka ìwé ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, mo sàmì sí ẹ̀yìn ìwé nígbàkúùgbà tí mo bá parí. Mo sì tún ń sá oorun. Máàkì méjìdínlógójì ni mo gbà. Ogójì ni wọ́n fi ń yege. Lọ́sẹ̀ kan náà ni wárápá tún gbé mi ní yàrá, ó sì di ẹ̀ẹ̀kọkànlá nínú ìwé mi.

Mísìsì Adéọṣun ránṣẹ́ pè mí. Olùkọ́ ni wọ́n, àwọn ló ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn láíbìrì tí wọ́n ń kó àga tó ṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, Módínátù. Bí o bá tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á ní kó o máa lọ sílé. O mọ̀?”

“Mo mọ̀, mà.”

“Kí ló dé tó o kọ ‘Rárá’ sínú fọ́ọ̀mù?”

“Màmá mi ní wọ́n á lé mi, mà.”

“Kọ́lá ò lè kọ ‘Rárá’. Ọ̀pá ọwọ́ ẹ̀ á tú u fó. Ìwọ rí ibi sá pamọ́ sí, ibi tó o sá sí yẹn ló fẹ́ pa ẹ̀kọ́ ẹ.” Wọ́n fa bébà kan yọ. “Ká ní a mọ̀ ni, wọn ì bá ti fún ẹ láàyè láti tún ìdánwò àkọ́kọ́ yẹn ṣe. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wà tí mo lè gbà kún àkókò ẹ. Mo lè gba ìjókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn fún ẹ, pẹ̀lú ẹnì kan tó mọ ohun tó máa ṣe. Àmọ́ mo nílò lẹ́tà ọsibítù, mo sì nílò kí bàbá ẹ fọwọ́ sí i.”

Lẹ́tà ọsibítù ò le. Ìfọwọ́sí yẹn ló le. Mo wọkọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, mo kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo na bébà náà sí wọn. Wọ́n kà á pẹ́.

“Orúkọ àìsàn náà gan-an ni wọ́n kọ síbí yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Àwọn àbúrò ẹ obìnrin méjì ṣì wà nínú ilé yìí o, Módínà. Bí àwọn ará ìlú bá gbọ́, ta ló máa wá fẹ́ wọn?”

Ìwé ajákọ mi nìkan ni mo ní, mo bá ṣí i fún wọn. Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, bí wọ́n ṣe máa ń ka kéwú. Mo ṣàlàyé òpó kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mọ́kànlá ló ti gbé mi láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ ọ́. Nínú mọ́kànlá yẹn, mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé oorun mi ò tó wákàtí márùn-ún, tàbí pé mo fo oògùn. Ìka wọn dúró lórí ìlà kan.

“Oṣù aáwẹ̀ nìyí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọjọ́ ìdánwò.”

“O ò lo ti àárọ̀.”

“Mi ò lò ó.”

“Ọjọ́ tó ṣáájú ìyẹn gan-an ni mo pè ẹ́, tí mò ń yìn ẹ́.” Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e sórí orúnkún. “Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda pé kí aláìsàn má gbààwẹ̀, kó bọ́ tálákà dípò rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èyí láràárọ̀, mi ò wo inú ilé ara mi.”

Wọ́n fọwọ́ sí i. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ orúkọ wọn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n sì tún fi Yorùbá kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ò lè kà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ìwé ẹ̀kọ́ mi mọ́ra, wọ́n ń ṣí i wò, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, dúdú.

“Ìwé yìí ti mọ ẹ̀kọ́ náà dunjú,” wọ́n ní. “Ìwọ ńkọ́?”

“Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo kà á!”

“Ta ló bi ẹ́ pé ẹ̀ẹ̀melòó lo wò ó? Ọmọ tó bá ń wo wàláà, ẹnu ẹ̀ á máa lọ bíi ti ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tó bá fọ̀ ọ́ la tó ń mọ ohun tó kù síbẹ̀. Kó o máa kọ̀wé jọ láìfọ̀ ọ́, ìyẹn kì í ṣe kíkọ́. Àkójọ ni.”

Bí wọ́n ṣe gbé wàláà fún mi nìyẹn, ní Ọjọ́bọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dán an wò bí ẹni tó ń wá ìwọ̀n iyọ̀ ọbẹ̀. Mo fi òpó mẹ́ta kún ìwé ajákọ mi: ìlà mélòó ni mo kọ, mélòó ló wá, wákàtí wo ni. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti hàn sí mi. Ní wákàtí méjì àkọ́kọ́ tí mo bá lo oògùn àárọ̀, ìlà mẹ́ta ni orí mi lè gbà, bí mo bá fi kẹrin kún un, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Lẹ́yìn alásárì, ó ń gba méje. Ohun tí mo bá rántí lónìí, bí mi ò bá tún un kọ lórí lọ́la, ìdajì rẹ̀ á ti lọ. Nítorí náà mò ń tún un kọ lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹrin, àti lọ́jọ́ kẹjọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lápapọ̀, dípò mẹ́sàn-án. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, mo ti sùn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní ìyá arúgbó. Mo gbà. Ìyá arúgbó kì í ṣubú ní gbọ̀ngàn ìdánwò.

Mo gbé e lọ sí yàrá Mísìsì Adéọṣun. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀ nígbà náà: èmi, Kọ́lá, àti Adúnní tí etí rẹ̀ kì í gbọ́rọ̀ dáadáa. Adúnní ń kọ tirẹ̀ sára pátákó, á nù ún, á tún un kọ. Èmi ń ka ìwé fún Kọ́lá, òun á sọ ọ́ padà fún mi, èmi á máa fi ìka ka àwọn kókó tó bá fò. Nígbà tí mo ṣàlàyé wàláà fún un tìtaratìtara, ó jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.

“Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin aríran,” ó ní. “Láti ọjọ́ tí mo ti wà ni wàláà tèmi ti fọ̀.”

Mísìsì Adéọṣun rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tọ́ka sí wa, wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó ń ran òun lọ́wọ́ sílẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò gbọdọ̀ lo ọdún méjì kí wọ́n tó rí i.

Màmá Kúta náà wá kí wa ní àkókò yẹn.

“Wọ́n ní o ti ń fọ ìwé mu bíi bàbá ẹ.”

“Mi ò mu ún, Màmá. Mò ń dà á nù ni.”

“Ṣé àgbo tèmi ni ò wá dáa?”

“Màmá, wákàtí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi sùn.”

“O sinmi nìyẹn.” Wọ́n tú ìdí ìborùn wọn, wọ́n tún un wé. Ohùn wọn wá rẹlẹ̀. “Ọmọ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Kúta, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bákan náà ló ń ṣe é. Kọ orúkọ ọsibítù yẹn fún mi. Kọ ọ́ gàdàgbà, kí ìyá ẹ̀ lè rí i kà.”

Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Mo kọ aago tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé sí i pẹ̀lú, nítorí nọ́ńbà mẹ́tàléláàádọ́rin.

Ìdánwò kẹta dé. Oru tó ṣáájú rẹ̀, mo sùn wákàtí méje àti ogún ìṣẹ́jú. Mo lo oògùn àárọ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀, Mísìsì Adéọṣun sì ti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi tèmi sí ọ̀sán, nígbà tí orí mi bá ti fúyẹ́. Ìjókòó mi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, obìnrin kan tó mọ ohun tó yẹ sì jókòó tì mí. Ìbéèrè mẹ́rin là ń dáhùn. Mo wà lórí ẹ̀kẹta nígbà tí òórùn epo dé.

Mi ò purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí dé eegun. Mo fi bírò sílẹ̀, mo gbé orí lé apá mi. Obìnrin náà sún àga tó wà níwájú mi kúrò, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, kò pariwo, ẹnikẹ́ni ò sì yíjú. Mò ń gbọ́ tí ẹ̀rọ Kọ́lá, tó ń ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́ mìíràn, ń lu bébà ní ẹ̀yìn, mo di ìró rẹ̀ mú bí okùn kànga. Òórùn náà kọjá, kò gbé mi ṣubú. Nígbà tí mo gbé orí sókè, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ti lọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, mẹ́rìnlá yẹn ì bá ti jẹ mí ní ìbéèrè kan. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wà tí wọ́n fi kún tèmi. Mo fa ìlà méje sí ẹ̀yìn bébà, mo pa ojú dé, mo dúró kí wọ́n wá. Mẹ́fà ló wá. Mo dáhùn ẹ̀kẹta, mo dáhùn ẹ̀kẹrin, ìṣẹ́jú mọ́kànlá sì kù lọ́wọ́ mi.

Báyìí ni mo ṣe wà lónìí. Mi ò tíì bọ́ lọ́wọ́ oògùn, dókítà ò sì ṣèlérí ọjọ́ tí màá bọ́. Mò ń lò ó ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ àti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Mi ò gbààwẹ̀ mọ́, ilé wa ń bọ́ ẹnì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù náà, bàbá mi ló sì máa ń gbé oúnjẹ náà fúnra wọn. N kì í dá fa omi kànga. Òórùn epo ṣì máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ẹ̀ẹ̀kọkànlá yẹn, irínwó ọjọ́ ó lé méjìlá rèé, wárápá ò gbé mi ṣánlẹ̀. Mẹ́sàn-án ni wá nínú yàrá ẹ̀yìn láíbìrì báyìí. Méjì nínú wa ló ti kọ “Rárá” sínú fọ́ọ̀mù tẹ́lẹ̀, tí wọ́n padà lọ tún un kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni wọ́n lẹ èsì mọ́ pátákó. Èrò pọ̀ níbẹ̀, Kọ́lá sì di apá mi mú, kí ó má bàa jẹ́ pé èmi ni mo sọnù, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Mo kọ́kọ́ wá tirẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ tó ṣe: mọ́kànléláàádọ́rin.

“Mo ti mọ tèmi,” ó ní. “Tìẹ dà?”

Mo rí nọ́ńbà mi. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì gbójú kúrò.

“Módínátù, èmi ni afọ́jú, ìwọ kọ́. Kà á!”

Mo fi ìka lé orí ìlà náà kí ojú mi má bàa fò lọ sórí ti ẹlòmíràn, mo tọ̀ ọ́ láti orí nọ́ńbà mi dé òpin rẹ̀, mo sì kà á sókè fún un: mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.